Má Fi Èṣù Sí Káàdì Kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, Ṣómólú ni mo ń gbé, àwòrán yíyà ni mo fi ń jẹun. Mo fẹ́ ṣe àfihàn àwòrán 22 ní Yábà lọ́dún tó ń bọ̀, kí n sì tẹ̀ wọ́n jáde bíi káàdì tarot, àwọn káàdì alàwòrán tí àwọn òyìnbó kan fi ń wo ọjọ́ iwájú. Òrìṣà ni mo fi rọ́pò àwọn tó wà nínú káàdì òyìnbó. Ọ̀ṣun ni Ayaba, Ọ̀rúnmìlà ni bàbá àgbà tó ń dá gbé tòun ti àtùpà, Ikú wà ní ipò tirẹ̀, Èṣù ni mo fi sí ipò Bìlísì, Ṣàngó wà lórí ilé gíga tí mànàmáná ń wó. Mo tún fín àmì Odù sí ẹ̀gbẹ́ káàdì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni àǹtí mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní kí n kó wọn jáde nílé, pé ẹ̀mí àjèjì wà nínú wọn. Atẹ̀wé tí mo kọ́kọ́ lọ bá náà rí Ikú àti Bìlísì, ó ní òun ò lè tẹ̀ ẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni nǹkan wà nínú káàdì yìí? Ṣé Ifá àti tarot bára wọn mu tó bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n máa bá a lọ?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìrọ́jú. Mo wo àwòrán mẹ́fà tí o fi ránṣẹ́, mo tún padà wò wọ́n lọ́jọ́ kejì kí n tó mú bírò. Ọwọ́ rẹ mọ́. Àwọ̀ aró tí o kùn sẹ́yìn Ọ̀ṣun yẹn, ó pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní fi ọ̀rọ̀ dídùn lásán dá ọ lóhùn. Kì í ṣe káàdì ni ìṣòro iṣẹ́ rẹ, ibi tí o to àwọn òrìṣà sí ni. Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àǹtí rẹ lóhùn, torí ilé wọn lo ń sùn.

Eré ni wọ́n fi tarot bẹ̀rẹ̀. Láti ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ni káàdì títa ti wọ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Páàkì kan láti ayé àwọn Mamluk tó jọba ní Íjíbítì ṣì wà ní ààfin Topkapi ní Istanbul: ife, owó, idà, àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin ló wà lára rẹ̀. Ife, owó, idà àti ọ̀pá yìí kan náà ni àwọn ará Ítálì gbà. Ní nǹkan bí 1440, láàfin àwọn ọlọ́lá ní apá àríwá Ítálì, irú bíi Milan àti Ferrara, wọ́n fi àwọn káàdì alàwòrán kún un: ọba, ayaba, òṣùpá, oòrùn, ikú, àti òmùgọ̀ kan tó ń rìn kiri. Ìwọ náà ti ta Whot rí. O mọ bí 20 ṣe ń gorí gbogbo káàdì tó bá wà nílẹ̀, tí ẹni tó jù ú sílẹ̀ á sì máa pàṣẹ ohun tó fẹ́. Ó jọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn alàwòrán 22 yẹn ń ṣe: wọ́n ń jẹ àwọn 56 kéékèèké mọ́lẹ̀. Àpapọ̀ wọn ló di 78. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ta á bí eré ní Faransé, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ta ayò.

Wọ́n ti ta á fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ìtàn àṣírí tó di ńlá lórí rẹ̀. Ní 1781, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Antoine Court de Gébelin kọ ọ́ sínú ìwé ní Paris pé ọgbọ́n àwọn àlùfáà Íjíbítì àtijọ́ ló sá pamọ́ sínú káàdì náà. Kò ní ẹ̀rí kankan. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó lè ka ìwé Íjíbítì àtijọ́ láyé nígbà yẹn, ó di 1822 kí Champollion tó rí i tú. Nígbà tí wọ́n tú u, wọn ò bá tarot kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ti gbẹ́sẹ̀, kò ṣe é dá padà mọ́. Ẹlòmíràn ní Paris, tó ń pe ara rẹ̀ ní Etteilla, ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń fi káàdì wo ọjọ́ iwájú, ó sì ń gbowó lé e. Mo fẹ́ kí o fi nǹkan kan wé èyí. Nígbà tó fi máa di 1659, ọpọ́n Ifá kan ti wà nínú àkójọ ọlọ́rọ̀ kan nílùú Ulm ní Jámánì, ó sì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọgọ́fà ọdún ó lé díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ní Paris tó sọ pé káàdì ń sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n gbẹ́ fún ìdáfá ti wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní etíkun wa. Ifá kì í ṣe àbúrò tarot. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ sọ̀rọ̀ bíi pé o ń gbé ohun kékeré lọ sínú ohun ńlá.

Nítorí náà, bí àǹtí rẹ bá béèrè bóyá wọ́n bí ẹ̀mí kan mọ́ káàdì náà, rárá ni ìdáhùn mi. Pépà ni. Ṣùgbọ́n n kò ní kí o sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ rárá, torí ìyẹn náà kì í ṣe òtítọ́ tán. Owó ẹyọ ni àwọn ìyá ìyá wa fi ń ra iṣu lọ́jà. Owó ẹyọ kan náà, tí a bá kó mẹ́rìndínlógún jọ níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n dà, ti kúrò ní owó. Iṣẹ́ tí a bá gbé lé nǹkan lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń dà. Òye èyí wà nínú àǹtí rẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bá wọn. Má fi ìtàn Paris bá wọn jiyàn. Mú wọn lọ sí Ẹ̀bùtè Mẹ́ta, sí ìjọ Àgùdà St. Paul, kí ẹ jọ wo àwòrán mẹ́rìnlá Ọ̀nà Àgbélébùú tí Bruce Onobrakpeya ṣe síbẹ̀. Òun náà nìyẹn tó ti ń tẹ àwòrán ní Múṣin láti ìgbà tí n kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ línò, ohun pẹlẹbẹ tí a ń fín àwòrán sí kí a tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àwòrán tó ní nọ́ńbà, tó tẹ̀lé ara wọn láti ìkíní dé ìkẹrìnlá, tí ènìyàn ń dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń wò ó, tó ń gbàdúrà, tó ń ronú nípa ikú àti ìjìyà: àǹtí rẹ mọ irú rẹ̀ láti kékeré. Wọ́n ń bá a rìn lásìkò Lẹ́ńtì. Ohun àjèjì kọ́ ni pé kí àwòrán onínọ́ńbà máa mú ọkàn ènìyàn rìn. Bí wọ́n bá ṣì ní kí káàdì má sùn nílé lẹ́yìn ìyẹn, kó o lọ sí ibi iṣẹ́, má bá wọn jà. Ilé ẹni ni.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà, torí àwòrán rẹ̀ lo ń wò tí o fi ń ya tìrẹ, bóyá o mọ̀ tàbí o ò mọ̀. Pamela Colman Smith lorúkọ rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí ní 1878, Jàmáíkà ló sì ti lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀, tó ń gbọ́ àlọ́ Anansi lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Akan ní ilẹ̀ Ghánà ni Anansi ti bá àwọn ẹrú sọdá òkun. Bí Ìjàpá ṣe jẹ́ sí wa ni aláǹtakùn náà jẹ́ sí wọn. Ní 1899, obìnrin yìí kó àwọn àlọ́ náà jọ sínú ìwé, ó ya àwòrán sí i. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1909, Arthur Waite, òǹkọ̀wé kan tó ń kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ awo, gbé iṣẹ́ tarot fún un. Tẹ́lẹ̀ rí, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páàkì, bí káàdì bá jẹ́ ife márùn-ún, ife márùn-ún lásán ni wàá rí. Smith ló ya ìṣẹ̀lẹ̀ sí àwọn káàdì kéékèèké: ẹni tó dorí kodò níwájú ife tó ti dà nù, ẹni tó jí dìde lóru tó bo ojú, tí idà mẹ́sàn-án to ara wọn sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Alálọ̀ọ́ ló ya káàdì yẹn, ìdí tí ó fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alfred Stieglitz ní New York pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ńlá kan fún owó tíńńtín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ Waite àti ti ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n fi ń pe páàkì náà, wọn kì í dá tirẹ̀. Ó kú ní 1951, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Fi orúkọ rẹ sára káàdì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi, kó o sì kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí rẹ̀.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ Ifá àti tarot ló kàn wàyí.

Nígbà tí babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, kò sí àwòrán níbẹ̀. Bó bá fi ikin tẹ̀ ẹ́, tí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù sọ́wọ́, á fa ìlà méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Tí méjì bá ṣẹ́kù, á fa ẹyọ kan. Ojú Odù jẹ́ 16, gbogbo Odù lápapọ̀ jẹ́ 256. Ìlà náà kò jọ ènìyàn, kò jọ ẹyẹ, kò jọ òṣùpá. Ẹsẹ tó tẹ̀lé e ló ń sọ̀rọ̀: ta ló dífá, ó dá a fún ta, níjọ́ tó ń lọ síbo, wọ́n ní kó rúbọ, ó rú u ni àbí kò rú u. Ẹni tó wá dífá yóò fetí sílẹ̀ títí tí yóò fi gbọ́ ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Etí ni Ifá ń lò. Nígbà tí UNESCO gba Ifá wọlé ní 2005, ara àwọn ogún àtẹnudẹ́nu ni wọ́n kà á sí. Wọn kò kà á mọ́ ọnà gbígbẹ́.

Tarot kò ní ẹsẹ. Ojú ló ń lò. Ẹni tó ń ka káàdì á wo àwòrán, á wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, á sì sọ ohun tí àwòrán náà mú wá sí i lọ́kàn. Nítorí náà, àwòrán gan-an ni ẹnu tarot. Bó o bá wá gbé Ọ̀ṣun jókòó sórí àga Ayaba, àga yẹn ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ọ̀ṣun kàn yá a ní ojú ni. Òye Ayaba inú káàdì ni ìyá, ọkà tó gbó, ọgbà, ìtura. Apá kan Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n níbo lo fi Ọ̀ṣun tí àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún fojú di sí, tí gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ò gún títí wọ́n fi padà lọ bẹ̀ ẹ́? Àga náà kò ní àyè fún un.

Gbìyànjú èyí wò. Nínú oríkì Èṣù, wọ́n ní ó ju òkò lónìí, ó pa ẹyẹ lánàá. Jókòó, mú bébà, kó o yà á. N kò sọ ọ́ láti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti gbé e fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀kan nínú wọn sì ya ọjà Oyíngbò ní àárọ̀ àti ní alẹ́ lórí ìwé kan náà, pẹ̀lú òkúta kan ṣoṣo láàárín. Ìyẹn ni mo pè ní kí ènìyàn gbọ́ ẹsẹ kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Kò sí káàdì òyìnbó kankan tó lè fi ọ̀nà bẹ́ẹ̀ hàn án.

Èyí ló gbé wa dé káàdì kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo bẹ̀ ọ́, yọ Èṣù kúrò níbẹ̀. Wo ohun tí Smith yà: ẹ̀dá oníwo ewúrẹ́ tó lóṣòó sórí òkúta, ọkùnrin àti obìnrin tó wà níhòhò, tí ṣẹ́ẹ̀nì wà lọ́rùn wọn. Bìlísì àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó de ènìyàn mọ́lẹ̀. Èṣù kì í ṣe ọ̀tá Ọlọ́run. Òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ, òun ló ń ṣọ́ oríta, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ sórí ọpọ́n Ifá kó lè máa wo babaláwo bó ṣe ń tẹ ìlà. Láti ìgbà tí Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, tí odidi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884, ni a ti ń fi orúkọ Èṣù pe Sátánì. Wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan, wọ́n mú orúkọ ẹnì kan. Èyí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn oníṣẹ̀ṣe sì ń kígbe títí di òní pé Èṣù kì í ṣe Sátánì. Ìwọ ayàwòrán ọmọ Yorùbá, tó mọ oríkì, ni kò yẹ kó tún fi kíkùn lẹ àṣìṣe náà mọ́ ògiri ní Yábà, kí àlejò wá rà á lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Tó o bá fẹ́ ya Èṣù, yà á bí àwọn agbẹ́gilére ṣe mọ̀ ọ́n: irun gígùn tó yọ sẹ́yìn orí, fèrè lẹ́nu, owó ẹyọ tó sorọ̀ sára. Tàbí yangí lásán tí epo ti rin. Tàbí oríta Ojúẹlẹ́gbà gan-an, ibi tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu kọ̀ńdọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé. Ojú ibi tí Ẹlẹ́gbà wà ni wọ́n ń pè, bí wọ́n ṣe ń wá èrò sínú dáńfó.

Ti Ikú kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ronú sí i. Àwọn tó ń ka tarot máa ń tètè sọ fún ènìyàn pé káàdì kẹtàlá kò túmọ̀ sí ikú, pé àyípadà ni. Nínú Ifá, Ikú kì í ṣe àyípadà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ajogun, àwọn agbára ibi tó ń bá ènìyàn jà, tòun ti Àrùn, Òfò àti Ẹ̀gbà. Ó ń gbé kùmọ̀, wọ́n sì lè fi ẹbọ yẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́nà. Egungun tó gun ẹṣin funfun tí o yà yẹn, ará Yúróòpù ni. Kùmọ̀ náà dà?

Ọ̀rúnmìlà kò dá gbé, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ awo, èrò kì í tán lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Gba àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti Ṣàngó, mo mọ ìdí tó o fi gbé e síbẹ̀. Mànàmáná wà nínú káàdì, àrá wà lọ́wọ́ Ṣàngó, ó dà bíi pé wọ́n ti pàdé. Ṣùgbọ́n ilé tó ń wó ni káàdì yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìgbéraga tó já lulẹ̀. Àwọn kan á tilẹ̀ sọ pé kó o gbé Ṣàngó sí káàdì kejìlá, ti ẹni tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan so rọ̀. Má dá a láṣà: ní Ítálì àtijọ́, báyẹn ni wọ́n ń ya àwọn ọ̀dàlẹ̀ sára ògiri láti dójú tì wọ́n, gbogbo olùsìn Ṣàngó láyé ló sì ń ké pé Ọba kò so. Dípò ìyẹn, wọ ọkọ̀ lọ sí Màrínà ní Èkó, níwájú olú ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná àtijọ́, kó o wo Ṣàngó tí Ben Enwonwu dà ní idẹ síbẹ̀ ní 1964. Lọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń ti ọ̀nà ọ̀sà wá. Wọ́n fẹ́ ère fún ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, ó fún wọn ní Ṣàngó. Kò wá ibì kankan lọ yá àga. Ó bi ara rẹ̀ pé ta ló ni iná ní ilẹ̀ yìí, òrìṣà dáhùn, wáyà iná sì ń kọjá lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n dìídì nà án fún un. Gbogbo ìgbà tí mo bá dúró níbẹ̀ ni ara mi máa ń bù máṣọ.

Mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àmì Odù dáadáa, torí àṣìṣe tèmi ni. Ó ti tó ogún ọdún. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fín Ogbè-Yẹ̀kú sára línò fún àfihàn kékeré kan. Ìwọ náà ń tẹ línò, o mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún lára rẹ̀ á bọ́ sí òsì lórí bébà. Àwa náà mọ̀ ọ́n, a sì ń ṣe é fún lẹ́tà, àmọ́ a gbàgbé rẹ̀ pátápátá fún Odù, torí ìlà lásán ló jọ lójú wa. Apá ọ̀tún ni a ti ń ka Ifá. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ tán, Ogbè ti bọ́ sí òsì, Ọ̀yẹ̀kú ti bọ́ sí ọ̀tún, Odù ti di Ọ̀yẹ̀kú-Logbè. Odù mìíràn gbáà ni, pẹ̀lú ẹsẹ tirẹ̀ àti ẹbọ tirẹ̀. Bàbá àgbà kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó wọlé, wọ́n dúró níwájú iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ka orúkọ tí a kọ sísàlẹ̀, wọ́n tún wo ìlà. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ìyá, èwo nínú méjèèjì ni ẹ ń sọ fún wa?" Mo sọ gbogbo ẹ̀dà mọ́kànlá kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Tìrẹ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí káàdì ṣeé yí. Àwọn tó ń ka tarot máa ń ka káàdì tó dorí kodò lọ́tọ̀. Bí Ọ̀bàrà Méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì, tí wọ́n wá yí i po kó dorí kodò, Ọ̀kànràn Méjì ni yóò máa wo ẹni tó mú un. Ìrosùn á di Ọ̀wọ́nrín. O ò lè fún àlejò ní ohun tó ń yí Odù padà lọ́wọ́ láìmọ̀, kó o sọ pé ọnà ẹ̀gbẹ́ káàdì lásán ni. Yọ gbogbo àmì Odù kúrò. Bí o bá fẹ́ ọnà sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kẹ́ àìmọye ló wà lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n sì lórúkọ. Ohun kan tún wà: bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fi ohun kan hàn ọ́ ní ojúbọ, má fọkàn yà á. Ohun tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ojú gbogbo ènìyàn pọ̀ ju ọjọ́ ayé rẹ lọ.

O béèrè bóyá kó o máa bá a lọ. Máa bá a lọ, àmọ́ gba ìrísí lọ́wọ́ tarot, má gba àga. Àwọn tó ti rìn ín ṣáájú wà. Niki de Saint Phalle kọ́ ọgbà kan sí Tuscany ní Ítálì, ère ńlá 22, tí ó fi dígí àti amọ̀ dídán bò. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣe é, ó gbé inú ikùn ère Ayaba bí ilé, wọ́n sì ṣí ọgbà náà fún aráyé ní 1998. Inú tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ pẹ̀lú Susanne Wenger ní Òṣogbo, Àdùnní Olórìṣà, tó wá láti Austria tó sì fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì tún igbó Ọ̀ṣun ṣe pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adebisi Akanji. Àwọn méjèèjì fara jọ lójú: ère tó ga ju ilé lọ, obìnrin tó ń gbé láàárín wọn. Ṣùgbọ́n Wenger gba òrìṣà kó tó kọ́ ilé fún un, àwọn ènìyàn sì ń bọ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń já kí wọ́n tó wọ ọgbà ti Tuscany. N kò sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ, mo ń sọ pé ìwọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó o ń ṣe.

Betye Saar ni n bá ní kó o wò jù. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n bí i ní 1926. Ní 1969 ó mú férémù fèrèsé àtijọ́, ó ya ọmọbìnrin dúdú kan sísàlẹ̀ tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti gíláàsì, àmì ìràwọ̀ wà lára ọwọ́ náà. Ó fi òṣùpá, ìràwọ̀ àti egungun tó dúró fún ikú sínú àwọn gíláàsì kéékèèké lókè. Ó wà ní ilé ọnà MoMA ní New York. Gbogbo àmì tí àwọn awòràwọ̀ àti àwọn alátẹ́lẹwọ́ ń lò ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ ọmọ yẹn ló ń wo ìwọ, kì í ṣe ìwọ lò ń wò ó. Níbí pẹ̀lú, ní 2013, Wura-Natasha Ogunji kó àwọn obìnrin jáde sí ìgboro Èkó, wọ́n bojú bí egúngún, wọ́n so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ń wọ́ ọ lọ lójú títì. Kò sí ẹni tó nílò káàdì kó tó mọ̀ pé nǹkan ń kọjá.

Ohun tí n bá ṣe nìyí, bí ọwọ́ mi bá ṣì yá tó tìrẹ. Tarot ní ife, owó, idà àti ọ̀pá. Ìsàlẹ̀ Èkó ní tiwọn tipẹ́: Adímú tó dé akẹtẹ̀ dúdú, Lába pupa, Oníkò yẹ́lò, Ológèdè àwọ̀ ewé, Àgẹrẹ àwọ̀ àlùkò. Ìjọ Ẹ̀yọ̀ márùn-ún, àwọ̀ márùn-ún, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́ gbogbo wọn, àti ètò tí gbogbo ọmọ Èkó mọ̀ nípa ẹni tó ń ṣáájú. Odindi páàkì ló dúró dè ọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé o jí i. Ìgboro fúnra rẹ̀ á fún ọ ní alàwòrán 22: Agbèrò, Onídáńfó, Ìyá Alákàrà, Onílé, Àwọn Tó Ń Dúró De Iná, Afárá Kẹta ní òru. Fi ẹsẹ, òwe tàbí oríkì kan sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó mú un lè kà á sókè. Káàdì tó ní ojú níwájú tó sì ní ẹnu lẹ́yìn, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí, inú mi á dùn kí n tó kú kí n rí i. Àwọn òrìṣà lè wọlé lẹ́yìn náà, bí ẹsẹ bá pè wọ́n.

Oníbàárà tó ń fẹ́ àràmàǹdà pọ̀ lọ́jà báyìí. Láti ìgbà tí èrò ti ya lọ wo iṣẹ́ Hilma af Klint, ayàwòrán ará Sweden, ní ilé ọnà Guggenheim ní New York ní 2018, tí àfihàn ńlá Venice ti 2022 sì gba àkọlé rẹ̀ lọ́wọ́ Leonora Carrington, obìnrin tó ya tarot tirẹ̀ lẹ́yìn tó ti sá lọ Mẹ́síkò, gbogbo ilé ọnà ló ń wá ohun awo. Wọ́n á rà á lọ́wọ́ rẹ. Àwọn kan á fẹ́ kí o fi kún èyí tó ń dẹ́rù bani. Má gbà.

Ní ti atẹ̀wé, Ṣómólú tóbi. Ẹni tó kọ̀ ọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Lọ bá ẹlòmíràn, fi gbogbo àwòrán hàn án ṣáájú kó o tó san àsansílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá iṣẹ́ dúró lójijì. Ní kó lo páálí tó nípọn, kó má fi ọ̀rá dídán bò ó, torí iná gbọ̀ngàn á máa tàn padà lórí aró rẹ. Kó o tó fín línò tuntun, ya àwòrán náà sórí bébà tó ṣeé rí òdìkejì, gbé e sójú fèrèsé, kó o yí i padà wò. Mú èyí tó wà lójú fèrèsé yẹn wá fún mi ní Yábà. Ọjọ́ Tuesday ni mo máa ń wà nílé láti àárọ̀.